Bí Wọ́n Bá Ní Ọ̀sẹ̀ Ooru Ń Bọ̀, Kí Ni Kí Ọlọ́jà Ṣe?

  

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọrọọrún náà ni wọ́n ń ná ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ wa. Ọlọ́jà ò lè ṣe kó má bi ọ̀la léèrè. A máa ń béèrè iye tí wọ́n máa dá lé ata, a máa ń béèrè bóyá ọkọ̀ á ti Òkè Ọya dé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè ni bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Bẹ́ẹ̀ òun ló máa sọ bóyá ata náà á ṣì ṣeé tà lọ́jọ́ kejì, àti bóyá ẹni tó ń tà á á lè dìde lórí àpótí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní ká jọ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ ooru.

OORU ỌDÚN 2024

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2024. Ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni àwọn ọmọ wa, Super Eagles, gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà pẹ̀lú Côte d'Ivoire ní Abidjan, tí wọ́n fi àmì ayò méjì sí ẹyọ kan na wa. Wọ́n ní láti máa dá eré dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. Ooru tó mú wọn lọ́hùn-ún náà ló mú wa níbí. Láti ọjọ́ kọkànlá sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ló le jù, ọjọ́ márùn-ún gbáko. NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, kìlọ̀ fún ará ìlú lákòókò náà. Mélòó nínú wa ló gbọ́?

Nígbà tó di oṣù kẹta, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń jẹ́ World Weather Attribution gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní ooru náà kọjá dígírì 40 ní àwọn ibì kan, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rí lára èèyàn tó nǹkan bí 50, nítorí omi tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Wọ́n ní èéfín epo, èédú àti gáàsì tí ọmọ aráyé ń sun ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti àtijọ́ lọ. Ohun tí àwọn ìyá àwọn ìyá wa lè má rí títí wọ́n fi kú, àwa lè máa rí i ní bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé a kàn ń ṣàròyé.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI Ń DÁ NI LÁGARA BẸ́Ẹ̀?

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń fẹ́ sí wa. Oòrùn lè mú, ètè lè là, ṣùgbọ́n òógùn ń gbẹ kíá lára, bó sì ti ń gbẹ ni ara ń tutù. Bí oṣù kejì bá wọlé, afẹ́fẹ́ etí òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ó gbé omi dání, bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì máa rọ̀. Òógùn á máa ṣàn, kò ní gbẹ, ara ò sì ní tutù. Oṣù kejì àti oṣù kẹta ló máa ń gbóná jù n'Íbàdàn wa. Ooru ọ̀sán sábà máa ń tó dígírì 34 tàbí 35.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ páànù. Ẹni tó bá dúró níwájú gbọ̀ngàn Mápó tó wo ìsàlẹ̀, páànù tó ti dípẹtà ló máa rí lọ títí. Páànù ń gba oòrùn, ó sì ń rọ̀ ọ́ sórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Inú àpótí funfun tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, níbi tí oòrùn ò ti lè ta sí i, ni àwọn olójú ọjọ́ ti ń wọn ooru. Nítorí náà, iye tí rédíò bá dá, ẹ mọ̀ pé abẹ́ páànù wa lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ỌJÀ Ń KỌ́?

Láti àárọ̀ kùtù di nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ara ṣì gbà á. Láàárín agogo méjìlá sí mẹ́rin ọ̀sán ni wàhálà wà. Lóru, ògiri àti páànù ṣì gbóná, oorun ò ní dùn, àárẹ̀ àná á sì bá ni dé ọjà lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe ń kóra jọ nìyẹn, tí ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹrin fi máa ń burú ju ọjọ́ kìíní lọ.

Ẹ̀yin aláta àti onítòmátì, ẹ tú ọjà sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á, ẹ má dì í mọ́nú àpò. Ẹ tètè ṣa èyí tó ti rà kúrò, torí tòmátì kan tó rà lè ba odindi apẹ̀rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́, àpò ìdọ̀ho tí a rẹ sómi dára láti fi bo ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí iná kó máa hó. Oúnjẹ sísè tó bá jókòó sílẹ̀ ju wákàtí kan lọ nínú irú ooru yìí lè di májèlé. Ẹ̀yin aládìyẹ, ẹ dín iye adìyẹ inú àgọ̀ kù, ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ níwájú wọn.

Olùkọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, gba ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000 nítorí ọgbọ́n ìkòkò tó gbé kalẹ̀: ó ki ìkòkò amọ̀ kan bọ inú òmíràn, ó da yanrìn tútù sáàárín wọn, ó fi aṣọ tútù bò ó. Ata àti tòmátì á pẹ́ nínú rẹ̀. Amù àwọn ìyá wa náà nìyẹn, ọgbọ́n kan náà ni. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ọgbọ́n tó dájú ni pé kí a ra ọjà níwọ̀n, èyí tí a lè tà tán lóòjọ́.

ÈÈYÀN JU ỌJÀ LỌ

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní, "Bí mo bá fi ọ̀sán sílẹ̀, kí ni mo máa fi dá àjọ?" Òótọ́ ni. A ò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé. Ohun tí a ń sọ ni pé ká yí àkókò padà. Ká tètè pàtẹ, ká fi ọ̀sán sinmi lábẹ́ ibòòji ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí aládùúgbò máa bá aládùúgbò wo igbá, ká sì tún tà di ìrọ̀lẹ́. Ọjà alẹ́ kì í ṣe àjèjì n'Íbàdàn. Ìdí fìtílà ni àwọn ìyá wa ti kó owó ilé ìwé wa jọ. Àwọn alábàárù tó ń gbẹ́rù gun òkè Mápó náà, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n. Ẹ má rán wọn níṣẹ́ ẹrù wúwo lọ́sàn-án gangan láìfún wọn lómi.

Ẹ má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín kí ẹ tó mumi. Ẹni tó bá ti làágùn púpọ̀ lè po iyọ̀ àti ṣúgà: piọ́ wọ́tà méjì, ìyẹn lítà kan, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, kó má kún jù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ni kí ẹ máa fún un léraléra. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ooru ara ìyá àti ti ọmọ ń para pọ̀ ni. Àwọn aláboyún, àwọn arúgbó àti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn la ó kọ́kọ́ fún ní ibòòji. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kó bi dókítà rẹ̀ léèrè bí yóò ṣe máa ṣe lákòókò ooru. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Bí orí bá ń fọ́ èèyàn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Bí ara bá gbóná janjan, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó dákú, pàjáwìrì ni. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù sí i lọ́rùn, lábíyá àti láàárín itan, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ wá ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ má da nǹkan kan sí ẹni tó dákú lẹ́nu, Panadol ò sì lè yanjú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè sọ pé aráyé ló ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lóòrùn.

LẸ́YÌN OORU, ÌJÌ

Òjò tó máa ń já irú ooru yìí kì í wá jẹ́jẹ́. Láti ìlà oòrùn ni ìjì rẹ̀ ti sábà máa ń bọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ọ̀run dúdú lápá ibẹ̀, tí atẹ́gùn tutù lójijì, ẹ ká tapólì, ẹ jìnnà sí páànù tó ti yẹ̀ àti igi ńlá. Kí ọjọ́ náà tó dé, ká ti kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà. Ẹni tó bá rántí àgbàrá Ògùnpa ọdún 1980 àti ti 2011 kò tún ní da ìdọ̀tí sí gọ́tà.

Ẹ̀bẹ̀ tí a fẹ́ bẹ̀ yín ò ju ẹyọ kan lọ: ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a yan ẹnìkan tí yóò máa gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ lórí rédíò lálẹ́, kó sì sọ fún àwọn yòókù láàárọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ iye tí ata dé. Ọjà tó bà jẹ́, a tún lè rà á. Ẹni tó lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọ igbá wa, a ò sì ní fi ara gbígbóná ná an.