Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ ń lo ọkọ̀ AWD, ẹ má fi táyà kan ṣoṣo ba ọkọ̀ yín jẹ́

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àmọ́ bí ọ̀kan nínú ààrò náà bá ga ju àwọn yòókù lọ, ọbẹ̀ yóò dà nù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀ AWD rí, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí táyà kan bá bẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn oníṣòwò ni pé kóun ra ẹyọ kan, kóun dín ìnáwó kù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Eyín táyà tuntun, ìyẹn ọnà ojú rẹ̀ tó ń di ilẹ̀ mú, sábà máa ń jìn tó mìlímítà 8. Bí tàwọn mẹ́ta tó kù bá ti jẹ débi tó fi ku mìlímítà 4, wọ́n ti kéré sí tuntun náà nìyẹn. Táyà tó kéré gbọ́dọ̀ yí ju èyí tó tóbi lọ, tó nǹkan bí ìgbà 5 ní kìlómítà 1. Láti Èkó dé Ìbàdàn, ó ti tó bí ìgbà 600. Irin tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn kò ní sinmi, yóò máa gbóná títí tí yóò fi bàjẹ́. Owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó táyà mẹ́rin lọ, ọjà yóò sì wà nílẹ̀ láìrí ọkọ̀ gbé e.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, ẹ ní kí mẹkáníìkì wo abẹ́ ọkọ̀ yín. Toyota RAV4 àti Highlander kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan irú wọn.

Èkejì, bó bá jẹ́ ìṣó ló gún ojú táyà, tí ihò náà kò ju mìlímítà 6 lọ, fọganáísà lè lẹ̀ ẹ́ láti inú. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ya, ẹ má lẹ̀ ẹ́ rárá.

Ẹ̀kẹta, ẹ wọn eyín àwọn mẹ́ta tó kù. Bí ìyàtọ̀ wọn sí tuntun kò bá ju mìlímítà 1.6 lọ, ẹ sábà lè ra ẹyọ kan tó jẹ́ irú kan náà, nọ́ńbà kan náà. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ yín wò, torí òfin Subaru tilẹ̀ le ju èyí lọ.

Ẹ má sáré lọ ra tòkunbọ̀ o. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó táyà àlòkù wọlé. Bó jẹ́ tuntun pàápàá, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì DOT: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024.

Lákòótán, ẹ máa pààrọ̀ ipò àwọn táyà yín ní nǹkan bí kìlómítà 10,000 síra, kí wọ́n lè jọ máa jẹ. Ẹ sì máa ya owó táyà sọ́tọ̀ nínú èrè, bẹ́ ẹ ṣe ń ya owó ọjà sọ́tọ̀.