Asà Ooru Tàbí Agbẹsẹ̀là? Èdè-Ìperí fún Ṣíṣí Páànù Ara Sàlẹ́ńsà Alùpùpù

Bí mẹkáníìkì kan ní Ìsọlọ̀ bá ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ tú páànù tí ó bo sàlẹ́ńsà alùpùpù, kò ní pẹ́ kí ọmọ náà tó mú sípánà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ iṣẹ́ kan náà sínú ìwé ẹ̀kọ́ ní èdè Yorùbá, orúkọ ni yóò kọ́kọ́ dá wa dúró. Heat shield ni àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pe páànù yìí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí pé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni a ṣe é fún. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn.

Kí a tó sọ nǹkan lórúkọ, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Èéfín tí ó ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde a máa gbóná ju omi híhó lọ lọ́nà púpọ̀, sàlẹ́ńsà tí ó sì ń gbà kọjá a máa gba ooru náà sára. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100 sẹ́ńtígíréèdì. Awọ ara ènìyàn tí ó bá kan irin tí ó gbóná tó 70 péré yóò jó jinlẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí onítọ̀hún tó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Páànù wa yìí kì í lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà. Ojú ibi tí bóòtù wà nìkan ni wọ́n ti fara kanra, àlàfo sì wà láàárín wọn tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí ó sì ń gbé ooru lọ bí alùpùpù bá ti ń sáré. Ooru tí ó ń tàn láti ara irin gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán oòrùn, páànù ni yóò kọ́kọ́ bá, ojú páànù tí ó ń dán a sì dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà.

Kí ni a wá ń dáàbò bò? Ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Bí a bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, asà ooru ni a ó pè é. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, orúkọ tí ó bá tẹ̀lé asà, ẹni tí ó ni asà náà ni a sábà máa ń rò pé ó jẹ́: asà jagunjagun, asà ọba. Asà ooru yóò wá dà bí ẹni pé ooru ni ó gbé asà lọ́wọ́ tí ó ń bá wa jà. Èyí tilẹ̀ lè pa ni lẹ́rìn-ín. Ìdènà ooru kò pa ni lẹ́rìn-ín rárá. Gbogbo mẹkáníìkì ni ó mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ sé afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nítorí kí ooru lè jáde ni a ṣe to àwọn irin pẹlẹbẹ yí sílíńdà ká. Ọmọṣẹ́ tí ó bá kà á pé ìdènà ooru kan wà lára alùpùpù ti rí ìdí pàtàkì tí yóò fi yọ ọ́ sọnù. Ìbòsàlẹ́ńsà sàn díẹ̀, ó sì bá ìbojú àti ìborí mu ní ìṣẹ̀dá, ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan náà wà ni ó sọ, kò sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a fi bo nǹkan lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán.

Agbẹsẹ̀là ni a fara mọ́. Bí a ti ṣẹ̀dá agbẹjọ́rò láti inú ‘gba ẹjọ́ rò’ ni a ṣẹ̀dá rẹ̀ láti inú ‘gba ẹsẹ̀ là’. Ẹnìkan lè ní irú páànù bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn alùpùpù mìíràn láàárín ẹ́ńjìnnì àti táńkì epo, èyí tí kò kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Kí a pe ìyẹn ní agbatáńkìlà. Kò sí òfin tí ó ní kí a kó ohun méjì sábẹ́ orúkọ kan nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ yìí ti sábà máa ń hàn. Ọwọ́ ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà lára púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù tí ó ń ti India àti Japan wá. Ní ilẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà, etí títì sì wà lápá òsì, òdìkejì sàlẹ́ńsà. Bẹ́ẹ̀ ni ti Nàìjíríà náà rí títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí a yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà náà, èrò tí ó bá sọ̀ sí etí títì, orí sàlẹ́ńsà ni ó ń gbé ẹsẹ̀ kọjá. Ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà jákèjádò Oshòdì-Ìsọlọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ṣùgbọ́n àpá iná ṣì wà ní ẹ̀yìn ojúgun ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tí wọ́n sì ń fi alùpùpù gbé ẹrù fún oníbàárà ṣì ń mú tiwọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. (Ẹ rántí pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ni ọ̀kadà, àti pé ìró ẹ́ńjìnnì ni a gbọ́ nínú alùpùpù. Ará ìlú kì í dúró de àwa onímọ̀ èdè.)

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà fẹ́ àmójútó. A ń tú bóòtù, a ń yọ wásà. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé kí ọmọṣẹ́ yọ agbẹsẹ̀là, yíyọ eyín ni yóò wá sí i lọ́kàn, eyín tí a bá sì ti yọ kì í padà sẹ́nu. Ṣí ni ó yẹ, nítorí pé ohun tí a ṣí ni a máa ń bò padà. A lè kọ ọ́ báyìí:

Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí o tó ṣí agbẹsẹ̀là. Bí bóòtù bá ti dípẹtà, ta epo sí i lẹ́sẹ̀ kí o sì ní sùúrù. Má ṣe fi òòlù lù ú, nítorí pé bí orí bóòtù bá kán, agbẹsẹ̀là kò ní ibi tí yóò padà sí. Tọ́jú bóòtù àti wásà sínú agolo kan. Bí wẹ́dà bá ti jó sàlẹ́ńsà tán, dá agbẹsẹ̀là padà kí o tó tan ẹ́ńjìnnì.

Wásà tí a ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ó wà fún kí páànù má baà máa pariwo nìkan. Ohun tí ooru kò tètè gbà kọjá ni a fi ṣe òmíràn nínú wọn, kí ooru má baà ti ara sàlẹ́ńsà rìn dé ara páànù. Ẹni tí ó bá fi ti irin rọ́pò rẹ̀ ti la ọ̀nà fún ooru. Nítorí náà ni a fi dábàá pé kí a máa kọ wásà-irin lọ́tọ̀, kí a sì máa pe èkejì ní wásà-agbẹsẹ̀là. Kí a má ṣe pè é ní wásà-ooru, fún ìdí kan náà tí a fi kọ asà ooru.