Òtítọ́ Inú Igbá Ẹmu

Ní Sátidé tí ó kọjá, a kúrò láàárín ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú, a gba Bàrígà lọ sí etí ọ̀sà, tí ó kọjú sí afárá gígùn tí a ṣí ní 1990. Ilé ẹmu ni a ń wá.

Ní ilé kìíní, ẹmu àná ṣì dùn bí oyin! Ẹ̀rù bà wá, nítorí ìwúkàrà inú ẹmu kì í sùn: òun ni ó ń sọ ṣúgà rẹ̀ di ọtí, tí ẹmu fi ń kan.

Ní ilé kejì, ìyá àgbà kan wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti ń kan, ṣùgbọ́n n kò bomi là á.” A san owó rẹ̀ pé, a sì mu ún tán.

Bí a kò bá ra òtítọ́, ta ni yóò máa tà á?