Ẹ Má Ra Ìwé Kòrónà: Ìlàlóye fún Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Kò Tíì Bọ̀ Sípò

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, Ìjurìn-Èkìtì

Ẹ má ra ìwé àyẹ̀wò Kòrónà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kì í bèèrè rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó rí yín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹnìkan á dé iwájú tábìlì wa, á fa bébà kan yọ látinú ọ̀rá. Òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀, orúkọ ẹni náà wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọdún 2020 sí i, síbẹ̀ yíǹkì rẹ̀ ṣì ń ràn mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún un ní gáréèjì pé láìsí ìwé yìí, a ó lé e padà. Ó ti fi owó oògùn ra bébà.

Àwọn tó ní ojúlówó ìwé kò pọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi àwọn tí kò ní. Nígbà tí Kòrónà kọ́kọ́ wọ Èkìtì ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n bá gbà nímú àti ọ̀fun aláìsàn lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ sí abà oko kòkó, ta ni yóò wá gba tirẹ̀? Lápá ìparí ọdún yẹn, NCDC, àjọ tó ń kápá àrùn ní Nàìjíríà, àti ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú wò. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní Èkó àti Enugu, bíi 23 ni àrùn náà ti kọjá lára wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò ṣe àyẹ̀wò rí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kò fi dandan lé ìwé kí a tó gbà pé ẹnìkan ní àṣẹ́kù Kòrónà, ìyẹn ìnira tí kò lọ lẹ́yìn àìsàn náà. Ohun tí wọ́n sọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni pé kí ẹni náà ti ní Kòrónà, tàbí kí àmì fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó ti ní in. Kí ara rẹ̀ má tíì bọ̀ sípò ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Kí ìnira náà ti tó oṣù méjì, ó kéré tán. Kí a má sì rí àìsàn mìíràn tó fà á.

Ibi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni iṣẹ́ wa wà. A ó yẹ ìfúnpá yín wò, a ó yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò, a ó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ kò tó lára. Ẹni tó ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà àti oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Bí bébà gáréèjì bá ti sọ pé Kòrónà ni, tó wá jẹ́ pé ikọ́ ife ló ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn títí.

Ẹ tún gbọ́ èyí: a kì í pín owó ìrànwọ́ Kòrónà níbí. Kò sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Owó yòówù tó bá kàn yín, ojú tábìlì ni kí ẹ ti san án, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ohun tó wúlò fún wa

Ẹ kó páálí oògùn tí ẹ ń lò wá, ẹ má sì fi ìgò àgbo pamọ́. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ mú ẹni tó tọ́jú yín nígbà àìsàn náà dání. Aláìsàn kì í rántí tán. Ìyàwó tàbí ọmọ tó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un ló máa ń rántí pé àsìkò Àjíǹde ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, pé irú ń rùn gba gbogbo agboolé, aláìsàn nìkan ni kò gbóòórùn rẹ̀.

“Ó ń rẹ̀ mí” nìkan kò tó wa í lò. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ àti ibi tí agbára yín mọ báyìí. Ẹni tó bá ní òun ti máa ń gún iyán fún èèyàn mẹ́fà láìsinmi, àmọ́ ní báyìí, kí iṣu tó fọ́ tán nínú odó, òun á ti fi ọmọ odó ti ògiri, òun á jókòó, àyà òun á máa lù kìkì, onítọ̀hún ti ṣàlàyé ju ìwé mẹ́wàá lọ.

Àwọn kan rò pé ó ti pẹ́ jù láti wá rí wa. Lóòótọ́, ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Wọn ò sọ pé ara yín ti yá. Ẹ máa bọ̀.

Nínú ilé

Kò sí oògùn kan pàtó tó ń wo àṣẹ́kù Kòrónà. Ẹni tó bá ń tà á fún yín ń tan yín ni. Ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín. Ẹni tí ara tù lónìí, tó fi odindi ọjọ́ ro oko, lè fi ọjọ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ dúró kí èémí tó há. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa kùsà ní Ìjerò, ẹ bo imú, eruku òkúta kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró tó ti rí ìyà. Ẹni tí kò gbóòórùn, kí ẹlòmíràn máa bá a wo ọbẹ̀ àná kó tó jẹ ẹ́. Ìgbàgbé náà wà nínú àṣẹ́kù Kòrónà, kì í ṣe wèrè. Ẹ̀yin ará ilé, àárẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ náà.

Ẹ má wá síbí

Bí àyà bá ń dun ẹnìkan gan-an, bí mímí bá ń nira fún un lórí ìjókòó, bí ètè rẹ̀ bá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀, bí apá kan ara rẹ̀ bá rọ, tàbí bó bá dákú, ẹ má wá gba káàdì lọ́dọ̀ wa. Ẹ wá ọkọ̀ kíákíá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín jù, tàbí èyí tí ìjọba àpapọ̀ ní ní Ìdó-Èkìtì. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pàápàá, ẹ má yà ní gáréèjì lọ ra ìwé.