Asẹ́ Tí A Fi Ń Sẹ́ Ìṣirò Inú Kànga Epo

Ẹ̀yin ìyálọ́jà Ifẹ̀-Ọ̀dàn kì í fi títà wákàtí kan mọ bí ọjà ti rí: oníbàárà lè jẹ́ mẹ́ta báyìí, kí wọ́n di mẹ́sàn-án láìpẹ́. Irú ìṣòro yìí ló wà nínú kíka ìtànṣán inú kànga epo.

Ní Niger Delta, wọ́n a máa fi okùn irin sọ ẹ̀rọ sínú kànga láti ka ìtànṣán gámà tí ilẹ̀ ń tú jáde. Amọ̀ a máa tú púpọ̀, iyanrìn a tú díẹ̀. Inú iyanrìn ni epo sì máa ń wà. Ṣùgbọ́n ìtànṣán kì í jáde déédéé. Bí ẹ̀rọ bá ka 100, ó lè fi nǹkan bí 10 lé, tàbí kó fi dín; bí ó bá ka 10,000, bí 100 péré ni, ìyẹn 1 nínú 100.

Fífa ẹ̀rọ jẹ́jẹ́ ìbá dára, àmọ́ owó gidi ni wákàtí kan lórí kànga. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìṣirò sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Rudolf Kalman gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960: a ó fi ohun tí a ti mọ̀ wo iye tuntun, èyí tó dájú jù nínú méjèèjì la ó gbára lé jù.

Èmi gbà pé ó dára, bí asẹ́ náà kò bá ti há jù. Bí ó bá há jù, iyanrìn tí kò nípọn á pòórá nínú ìwé, epo inú rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.