Christian Happi: Kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ka àṣírí kòkòrò àrùn ní Ẹdẹ ti gbé ṣe?

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé Covid-19 ti wọ Nàìjíríà, lára ọmọ Ítálì kan tó gba Èkó wọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, yàrá ìwádìí ACEGID ní Fásitì Redeemer's, Ẹdẹ, ti ka apilẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ti gbé e síta fún gbogbo ayé. Kò sí ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ rí nílẹ̀ Áfíríkà ṣáájú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ni olórí ibẹ̀.

Happi kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Kamẹrúùn ni, àmọ́ Fásitì Ìbàdàn ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé kó tó kọjá sí Harvard ní Amẹ́ríkà.

Ibà ló fi bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà tí chloroquine wọ́pọ̀, ọmọ á lò ó, ara á yá, ibà á tún padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá ọmọ á ní oògùn náà ò ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀fọn tuntun ló tún jẹ ọmọ. Ta ló jàre? Awò tó ń sọ kékeré di ńlá kò lè dá a, nítorí kòkòrò méjèèjì jọra. Apilẹ̀ àbùdá wọn ló lè sọ bóyá kòkòrò àtẹ̀yìnwá ló bọ́ lọ́wọ́ oògùn, tàbí òmíràn ló wọlé. Iṣẹ́ yìí ni Happi àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bí Ayoade Oduola àti Akin Sowunmi ṣe n'Ìbàdàn. Nígbà tó di 2005, ẹ̀rí ti pọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀, Nàìjíríà sì pa chloroquine tì, ó mú oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin.

Lóṣù Keje 2014, Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn, ẹ̀mí rẹ̀ ló sì fi dí i. Yàrá àyẹ̀wò Ọ̀jọ̀gbọ́n Sunday Omilabu ní LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ní Èkó, àti ti Happi ló fi ìdí àrùn náà múlẹ̀ ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Èèyàn 20 ló kó o, mẹ́jọ kú, ó sì parí lóṣù Kẹwàá.

Ọdún yẹn kan náà ni Happi wà lára àwọn tó kọ ìwádìí lórí Ebola ní Sierra Leone sínú ìwé ìròyìn Science: apilẹ̀ àbùdá 99 láti ara aláìsàn 78. Márùn-ún nínú àwọn tó kọ ọ́ ni Ebola ti pa kí ó tó jáde, Dókítà Sheik Humarr Khan sì wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ a máa ka iye ìgbà tí ẹlòmíràn tọ́ka sí iṣẹ́ ẹni. Òṣùwọ̀n wọn nìyẹn, èmi ò sì bú u. Ṣùgbọ́n èwo ni ká kà fún àwọn márùn-ún wọ̀nyí?

Lójú tèmi, ibà Lassa ọdún 2018 ló fi bí iṣẹ́ Happi ṣe wúlò tó hàn jù. Àrùn náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rù sì ń bani pé ó ti ń ràn láti ara èèyàn sí èèyàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Irrua, ìpínlẹ̀ Edo. Bí ìlà ojú ṣe ń fi ìdílé hàn láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àyípadà kéékèèké inú fáírọ́ọ̀sì ń fi ìbátan hàn. Ká ní èèyàn ló ń kó o ran èèyàn, fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ wọn ìbá sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti wá, láti ara eku. Àjàkálẹ̀ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́ tí èsì fi dé ọ̀dọ̀ NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà. Eku àti oúnjẹ tí a kò dé ni ogun wà fún, kì í ṣe pé ká ti ìlú pa. Lọ́dún yẹn náà, ikú kan ń pa àwọn èèyàn ní Edo tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀; Ẹdẹ ló rí i pé ibà pọ́njú ni, èyí tó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Kí ni ọ̀rọ̀ yìí kan ará Longbridge ní Barking, ní Lọ́ńdọ́nù? Lóṣù Kejì 2022, èèyàn mẹ́ta nínú ìdílé kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Lassa mú lẹ́yìn ìrìn-àjò sí Mali, ọ̀kan sì kú. Àyẹ̀wò kì í bẹ̀rẹ̀ bí dókítà kò bá mọ ohun tó yẹ kó wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé ní Nàìjíríà lóṣù Kejìlá, bí ibà bá mú yín lẹ́yìn tí ẹ padà dé, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù mélòó kan, ẹ má fi paracetamol bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà ìlera 111 lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì dárúkọ ìlú tí ẹ ti ń bọ̀ kí wọ́n tó bi yín.