Bí Òkè Bá Dí Àwòrán Lọ́nà: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Fún Ará Wa Ní Ìdálẹ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa wí, àwọn tí wọ́n ń gbé ní ìgbèríko Ìpínlẹ̀ Plateau àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí òkè àti igi pọ̀ sí, tí wọ́n ń fi owó ńlá ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láìkọ́kọ́ wo irú ilẹ̀ tí ilé wọn dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Aṣọ ni ó ń tà ní abúlé kan ní apá Pankshin tàbí Mangu, ó sì ti pẹ́ tí ó ti kúrò nílé. Ó kó owó èésú rẹ̀ jọ, ó lọ sí Jos, ó ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí ojú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Nínú ìsọ̀ tí ó ti rà á, àwòrán náà mọ́ kedere. Nígbà tí ó gbé e dé abúlé, kò rí ohunkóhun bí kò ṣe ojú dúdú. Ó padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún un, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ó ra áńtẹ́nà mìíràn, kò gbà á. Ó ra búsítà, kò gbà á. Nígbẹ̀yìn, ó gbà pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni ó dúró láàrin òun àti Jos.

Irú ìnáwó asán báyìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa yẹra fún. Òde ni àwòrán ti ń wọlé; òde náà ni ó sì yẹ kí á kọ́kọ́ wá a sí.

ÌDÍ TÍ ÒKÈ FI Ń DÍ ÀWÒRÁN LỌ́NÀ

Ìgbì tí ń gbé ohùn àti àwòrán jáde láti ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn tààrà bí ìmọ́lẹ̀ iná tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnì kan bá tan tọ́ọ̀ṣì sí yín láti òdì kejì òkè, ẹ kò ní rí i. Ìgbì tí ó bá gùn a máa lè tẹ̀ díẹ̀ kọjá orí òkè. Ìgbì tí ó bá kúrú kì í lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbì àwọn ìkànnì àtijọ́, láti ìkànnì 5 dé 12, gùn tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ti àwọn ìkànnì òkè, láti ìkànnì 21 lọ, tí ètò dígítà ń lò nísinsìnyí, kò ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ. Ìdí nìyí tí ilé tí ó ń rí àwòrán díẹ̀díẹ̀ láyé àtijọ́ fi lè má rí nǹkankan mọ́ lónìí.

Ayé tìkára rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀ kọdọrọ. Bí òpó ilé iṣẹ́ bá ga ní mítà 150, tí áńtẹ́nà yín sì ga ní mítà 9 lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìgbì náà lè rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 63 kí ilẹ̀ tó gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òpó kan náà ka orí òkè tí ó fi mítà 300 ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ, ó lè rìn tó kìlómítà 100. Nítorí náà ni àwọn ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán fi ń wá orí òkè. Nígbà tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October, 1959, orí Òkè Mápó ni wọ́n gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìgbéjáde rẹ̀ sí. Jos náà, níbi tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Benue-Plateau ti bẹ̀rẹ̀ ní 1974, wà lórí ilẹ̀ gíga tí ó fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ, àwọn òkè Shere tí ó wà ní tòsí rẹ̀ sì ga tó nǹkan bíi mítà 1,800.

Òkè kan náà tí ó jẹ́ àǹfààní fún ẹni tí ó wà ní ìhà ọ̀hún, ìdènà ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìhà ìhín.

EWÉ TÚTÙ NÁÀ Ń JẸ NÍNÚ RẸ̀

Igi pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀. Ewé tí omi òjò wà lórí rẹ̀ a máa fa ìgbì náà mu, bí afẹ́fẹ́ bá sì ń mi ẹ̀ka igi, àwòrán a máa já. Àwọn tí ó ń gbé lẹ́bàá àwọn igi yukalíptọ́ọ̀sì tí a gbìn káàkiri ilẹ̀ Plateau mọ èyí. Bákan náà ni àwọn ará ilé wa ní Ìdànrè àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí òkè àti oko kòkó ti jọ yí ilé ká. Ẹni tí ó bá ri òpó rẹ̀ nígbà ọyẹ́ lè máa yọ̀. Bí òjò bá dé, tí ewé rúwé, ẹkún ni. Ìgbà òjò gan-an ni kí ẹ dán áńtẹ́nà wò. Èyí tí ó bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, kò ní já yín kulẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tìtorí èyí gé igi onígi. Kí áńtẹ́nà yọ lókè orí igi, tàbí kí ó wà ní gbalasa tí igi jìnnà sí ní ìhà tí ìgbì ti ń bọ̀, ti tó.

ÈTÒ TUNTUN KÒ MỌ ÀÁBỌ̀

Ní ọjọ́ 30 oṣù April, 2016, ìlú Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò amóhùnmáwòrán dígítà ní Nàìjíríà. Àbújá tẹ̀ lé e ní oṣù December ọdún kan náà. Ètò yìí nílò àpótí dikódà, tàbí ẹ̀rọ tí dikódà ti wà nínú rẹ̀.

Ní ti ètò àtijọ́, bí ìgbì kò bá lágbára, ẹ ó ṣì máa rí àwòrán tí ó kún fún yanrìn funfun, tàbí tí òjìji kejì ń tẹ̀ lé e nítorí pé ìgbì kọlu òkè kí ó tó dé. Ní ti dígítà, àwòrán á mọ́ kedere, tàbí kí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, kí ojú ẹ̀rọ sì ṣókùnkùn. Òjìji kì í fara hàn nínú rẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣókùnkùn lè rò pé kò sí ìgbì rárá, kí ó sì sọ̀rètí nù, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣísẹ̀ méjì péré ni ó kù.

Ẹ WÁ ÀWÒRÁN KÍ Ẹ TÓ RI ÒPÓ

Kí ni kí ẹ ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mọ ìhà tí ilé iṣẹ́ náà wà. Ẹ wo áńtẹ́nà àwọn aládùúgbò tí ń rí àwòrán. Áńtẹ́nà tí a to ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sí bí eegun ẹja, ìhà tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú jù ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ilé iṣẹ́. Bí ọ̀pá ti aládùúgbò bá dùbúlẹ̀, kí tiyín dùbúlẹ̀. Bí ó bá dúró ṣánṣán, kí tiyín dúró.

Lẹ́yìn èyí, ẹ so áńtẹ́nà mọ́ ọ̀pá fífúyẹ́, kí ẹnì kan máa gbé e káàkiri àgbàlá àti oko, kí ẹlòmíràn máa wo ojú ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú àwọn dikódà a máa fi agbára ìgbì àti dídára rẹ̀ hàn: dídára ni kí ẹ máa wò jù. Ẹ má kánjú, nítorí dikódà a máa lo ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Láàrin igi àti àpáta, mítà kan péré lè ya òkùnkùn kúrò lára ìmọ́lẹ̀.

Bí ilé yín bá wà ní ìdí òkè gan-an, ó lè yà yín lẹ́nu pé sísún sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá òkè náà lè ṣe yín láǹfààní ju gíga òpó lọ, nítorí níbẹ̀ ni òjìji òkè ti ń fẹ́lẹ́. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, ẹ yí áńtẹ́nà sí àpáta gbọọrọ mìíràn tí ó dojú kọ ilé iṣẹ́ náà. Ìgbì lè ti ara rẹ̀ ta padà sọ́dọ̀ yín. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

BÚSÍTÀ KÌ Í ṢE OÒGÙN

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó gbà pé búsítà lè ṣe ohun gbogbo. Búsítà kì í dá ìgbì tí kò sí sílẹ̀. Èyí tí ó bá bá ní ó ń sọ di ńlá, ó sì ń sọ ariwo tí ó wà nínú rẹ̀ di ńlá pẹ̀lú. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti dí ohun tí wáyà ń jẹ. Wáyà tí ó gùn ní mítà 30 lè jẹ ju ìdajì agbára ìgbì lọ kí ó tó dé inú ilé. Nítorí náà, orí òpó lẹ́bàá áńtẹ́nà ni ibùgbé búsítà, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹ̀rọ ní yàrá. Ẹ ra wáyà tí ó dára, ẹ má ṣe so ó ní ìsokúsọ, kí ẹ sì fi nǹkan bo ojú ibi tí a ti so ó kí omi má baà wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀MÍ JU ÀWÒRÁN LỌ

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ibi tí ẹ ó ti gbé òpó dúró gbọ́dọ̀ jìnnà sí wáyà iná mànàmáná ju gígùn òpó náà lọ dáadáa, kí ó má baà kan wáyà bí ó bá ṣubú. Òpó irin tí ó bá kan wáyà iná lè pa gbogbo ẹni tí ó dì í mú. Ẹ má ṣe gun òpó nígbà òjò tàbí nígbà tí ẹ̀fúùfù ń jà. Òpó ọparun a máa jẹrà nínú ilẹ̀, ikán a sì máa jẹ ẹ́. Ẹ máa yẹ ìdí rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Àrá kì í ṣeré lórí ilẹ̀ gíga. Ẹ fa wáyà bàbà tí ó nípọn láti ara òpó irin lọ sára irin gígùn tí a rì sínú ilẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, kí àrá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ wáyà áńtẹ́nà àti ti iná kúrò lára ẹ̀rọ.

BÍ ÒKÈ BÁ KỌ̀ JÁLẸ̀

Àwọn ibìkan wà tí kò sí áńtẹ́nà tí ó lè borí òkè wọn. Níbẹ̀, díìṣì sátẹ́láìtì lè ràn yín lọ́wọ́. Àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè agbedeméjì ayé, ilẹ̀ wa kò sì jìnnà sí agbedeméjì ayé náà. Nítorí èyí, òkè ọ̀run ni díìṣì sábà máa ń kọjú sí, òkè kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Igi tí ó ṣíji bò ó àti òjò ńlá ni ọ̀tá rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí àwọn ará abúlé pawọ́ pọ̀. Ẹ̀rọ ìgbéjáde kékeré kan lórí òkè tí ó dí wọn lọ́nà lè sọ òkè náà di ọ̀rẹ́ gbogbo ìlú. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe, nítorí ó gba ìwé àṣẹ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn onílẹ̀ tí a jọ ń gbé, àti ìjọba ìbílẹ̀ bá jọ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán, ohùn wọn yóò wúwo ju ti ẹnì kan lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré àti ìran wíwò. Nígbà tí ìlú bá gbóná, àwọn tí kò rí ìròyìn tòótọ́ ni àhesọ máa ń lé kúrò nílé, tàbí tí ó máa ń mú kí wọ́n jókòó sínú ewu. Ará ìdálẹ̀ tí ó bá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí ó ń gbé àti ní ilé tí ó ti wá, ojú rẹ̀ là. Nítorí náà, kí ẹ tó tún ra ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì tó bá oníṣòwò jà, ẹ jáde síta, ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo òkè tí ó wà níwájú yín.